Ọpọ́n Ọnàwùmí àti Ọ̀kẹ́ Odérìndé

Ọnàwùmí ni gbẹ́nàgbẹ́nà kan ṣoṣo tó kù ní Ìdó-Apá nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Àwẹ̀ró ni ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́. Ọkọ kì í sọ̀rọ̀, ìyàwó kì í dákẹ́. Bí ẹ bá wọ agboolé wọn, ẹ ó bá ọkọ tó tẹrí ba sórí igi ọmọ̀ tó ń gbẹ́, kò ní gbójú sókè; ìyàwó ni yóò bá yín sọ̀rọ̀ débi tí ẹ ó fi gbàgbé ohun tó gbé yín wá. Ọpọ́n ayò ni iṣẹ́ tí ọkọ mọ̀ jù. Àwẹ̀ró ló ń bá a tà á.

Ṣùgbọ́n oko ló ń bọ́ wọn, nítorí ọpọ́n ayò kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà lemọ́lemọ́. Ẹni tó bá ra ọ̀kan, òun ni yóò lò títí tí yóò fi kú, ọmọ rẹ̀ yóò jogún rẹ̀, ọmọ ọmọ á tún gbé e síwájú ilé. Bí ọpọ́n mẹ́ta bá tà lọ́dún, Àwẹ̀ró á ní ọdún ya abo, wọn á sì padà sídìí ebè iṣu wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà, ebi kò pa wọ́n, ọlá kò sì pọ̀.

Ní ọdún kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti wa iṣu tán, alárìnkiri kan dé sábẹ́ igi odán tó wà lẹ́nu ọjà, ó sì kọ́ àwọn ará Ìdó-Apá ní ọ̀nà tuntun tí a fi ń ta ayò. Àjọta ló pè é. Tẹ́lẹ̀, èèyàn méjì ní í ta ayò lórí ọpọ́n kan, ojú ọpọ́n méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Ní ti àjọta, ọpọ́n méjì ni wọ́n máa ń fi orí kan orí, èèyàn mẹ́rin á jókòó yí i ká, ọmọ ayò á sì máa ti ọpọ́n kan bọ́ sí ìkejì. Ẹni tó rò pé òun ń bá ará iwájú òun jà, ará ẹ̀gbẹ́ ni yóò kó o nílé.

Háà, ẹ ò rí ìlú tí ayò gbà lọ́wọ́ ara rẹ̀ rí. Àgbẹ̀ ń ti ilé lọ sí oko, ó ya abẹ́ odán pé kóun kàn wò ó fẹ́ẹ́rẹ́, oòrùn kan àtàrí rẹ̀ níbẹ̀. Ọbẹ̀ ń jóná lórí iná, olóbẹ̀ wà nídìí ọpọ́n. Àwọn kan gbéra láti lọ tọrọ ìyàwó fún ọmọ wọn, wọ́n bá baba ìyàwó nídìí àjọta, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ta á títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n sì padà sílé láì rántí pé ìyàwó ni àwọn wá tọrọ. Ìgbà tí wọ́n délé ni ìyá ọkọ bi wọ́n pé kí ni àwọn ará ìyàwó wí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí.

Nígbà tí ó sì jẹ́ pé ọpọ́n méjì ni àjọta ń fẹ́, gbogbo ilé tó ní ọpọ́n kan ló ń wá ìkejì, ilé tí kò ní rárá ń wá méjì lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ya bo ilé Ọnàwùmí. Ẹni tó san owó ọpọ́n lánàá, ẹlòmíràn á dé lónìí á lé owó lé e kó tó gbé e. Àwẹ̀ró kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ń gbowó, ó ń kà á.

"Baba Ọnàkúnlé," ló pe ọkọ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, "ẹ ò rí i pé orí wa ti jí? Ẹ jẹ́ ká fi oko sílẹ̀ lọ́dún yìí. Ẹ má kọ ebè kankan. Ọpọ́n ni kí ẹ máa gbẹ́."

Ọnàwùmí fẹ́ èérún igi kúrò lórí itan rẹ̀. "Ọpọ́n kò ṣeé jẹ, Àwẹ̀ró."

"Owó ọpọ́n ṣeé jẹ. Iṣu tí àwọn ẹlòmíràn bá wà, àwa la ó rà á."

Ọkùnrin náà wo igi ọwọ́ rẹ̀ títí. Kì í ṣe ẹni tó mọ bí a ti ń bá Àwẹ̀ró jiyàn, ta ló tilẹ̀ mọ̀ ọ́n? Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ sórí àjà, ó gba igbó lọ, ó gé igi ọmọ̀ lulẹ̀. Ìgbà tí àwọn ará ìlú ń kọ ebè, ọpọ́n ni ó ń gbẹ́. Ìgbà tí wọ́n ń bo iṣu, ó ń gbẹ́ àwọn ojú ọpọ́n, ó ń mú wọn dán. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ogójì ọpọ́n ló ti jókòó nínú yàrá wọn, wọ́n tò léra wọn kan àjà. Àwẹ̀ró á dìde lóru mu omi, á fọwọ́ pa wọ́n lára kó tó tún padà sùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú nìyí. Gbogbo ènìyàn ń ronú ọpọ́n, kò sí ẹni tó ronú ọmọ ayò. Kókó inú èso igi ẹlẹ́gùn-ún kan báyìí ni ọmọ ayò, bàìbàì, róbótó, ó le bí òkúta. Ẹ̀bá odò Aró nìkan ló sì ti ń hù ní gbogbo agbègbè wọn. Àjọta kan ṣoṣo ń gba ìlọ́po méjì ayò tí àwọn baba wọn fi ń ta. Wọ́n já a, wọ́n ṣa á, wọ́n tu ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tán. Ìgbà tí ó sì kù díẹ̀ kí omíràn gbó, àwọn kan lọ fi iná lé òkété nínú ọyẹ́. Iná náà kò mọ ibi tí òkété wà. Ó jó ẹ̀bá odò láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbogbo igi ayò pátá sì bá a lọ.

Láàárín ọjà kan sí ìkejì, ayò di ohun àwátì. Àwọn kan fi ẹ̀kùrọ́ rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ ayò lórí ọpọ́n á tún jẹ ẹ́ lẹ́nu, wọn ò ní í ta dé ìparí kó tó di pé ayò ti wọ ikùn tán. Àwọn mìíràn fi òkúta wẹ́wẹ́ ta á. Òkúta ha ojú ọpọ́n, ó kán létí, Ọnàwùmí rí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Díẹ̀díẹ̀, abẹ́ odán dá. Àwọn àgbẹ̀ rántí oko wọn. Ta ni yóò wá ra ọpọ́n ayò níbi tí ayò kò sí? Ọpọ́n tí kò ní ayò, igi lásán ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ibi tí èyí bá Àwẹ̀ró. Iṣu ẹlòmíràn ti ń fà lórí ọ̀pá. Ebè kan ṣoṣo kò sí lóko tirẹ̀. Owó ọpọ́n àkọ́kọ́ ti di oúnjẹ, ó ti di aṣọ, ó ti tán. Àká ṣófo, èlùbọ́ inú ìkòkò ti ń fi ìdí ìkòkò hàn, oṣù ìyàn sì ń bọ̀ pẹ̀lú ọmọ márùn-ún àti ìyá ọkọ nínú ilé. Ó wá jẹ́ pé òun tìkára rẹ̀ ló ní kí ọkọ má kọ ebè. Ọnàwùmí kò dá a lẹ́bi rí, kò tilẹ̀ mẹ́nu kàn án. Ìyẹn ló sì ń dun Àwẹ̀ró jù. Bí àwọn ọpọ́n yẹn kò bá tà kí ìyàn tó dé, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa ti ilé dé ilé tọrọ oúnjẹ.

Ọjọ́ tó ń rẹ́ ara ògiri ilé ìdáná rẹ̀ ni èṣù bá a sọ̀rọ̀. Amọ̀ díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn láàárín ìka. Ó yí i, ó yí i, ó di róbótó. Ó gbé e sójú oòrùn, ó lọ pọnmi, ó dé, ó wò ó. Bí a bá fojú wò ó, ayò ni.

Ó kọ́kọ́ sun díẹ̀ nínú iná, wọ́n pọ́n bí ẹyin ọ̀pẹ, kò ṣeé tà fún afọ́jú pàápàá. Ó padà sí ti oòrùn. Ó fi eérú ra wọ́n lára títí àwọ̀ wọn fi ṣe bàìbàì, ó fi àdín díẹ̀ pa wọ́n kí wọ́n lè dán. Ó ń ṣe é, ó ń bá ara rẹ̀ wí, ó ń dá ara rẹ̀ lóhùn: kì í ṣe ará ìlú òun lòun máa tà á fún, àlejò ni, àlejò á ti dé ìlú rẹ̀ kó tó mọ̀, ta ni àlejò sì jẹ́ níwájú ọmọ ẹni? Ó dà wọ́n sínú àpò kéékèèké, àpò kan sí ọpọ́n kan, ó so ẹnu wọn pinpin. Abẹ́ ibùsùn rẹ̀ ló kó wọn sí, nítorí ó mọ̀ pé bí Ọnàwùmí bá fọwọ́ kan ẹyọ kan péré, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àna Ọnàwùmí kan ní abúlé ránṣẹ́ pé kó wá bá òun ṣe ọ̀wẹ̀ ilé kíkọ́. Ọkùnrin náà lọ. Àárín ìgbà tí kò sí nílé ni Odérìndé dé.

Oníṣòwò ni Odérìndé, ó ti Ìlárá-Odò wá, ìrìn ọjọ́ púpọ̀ sí Ìdó-Apá, ó sì fi àwọn aláàárù rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé tó wọ̀ sí. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan báyìí ni, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ṣáá. Àwẹ̀ró yára gbé àga fún un, ó fún un lómi.

"Wọ́n ní ẹ̀yin ni ìyàwó ọlọ́nà," ni Odérìndé wí. "Àjọta ti dé ọ̀dọ̀ wa o. Mo wá nítorí ọpọ́n."

"Ẹ ti dé ibi tó wà," ni Àwẹ̀ró dá a lóhùn. "Ogójì ló wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá, mi ò ní í jẹ́ kí ẹ ru igi lásán lọ. Ọpọ́n kọ̀ọ̀kan àti ayò tirẹ̀ ni. Ẹ mọ̀ pé ayò kò sí níbi kankan mọ́."

Odérìndé fẹ́ sọ̀rọ̀, ó kọ́kọ́ gbé omi ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ ná. "Ayò?" ló wá wí. "Ẹ ní ayò?"

"Ọ̀wọ́n ni, ìyẹn ló fi jẹ́ pé owó rẹ̀ yàtọ̀." Ó ti ń gbé àpò kan jáde bó ṣe ń wí bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin náà gba àpò, kò tú u. Ó kàn gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́, ó sọ ọ́ sókè díẹ̀, ó tún hán an. "Ó wúwo."

"Ayò tiwa a máa wúwo. Ilẹ̀ wa ni."

"Mo rí i pé ilẹ̀ ni," ni Odérìndé wí. Ẹ̀rín músẹ́ yẹn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé àpò kalẹ̀. "Mo máa rà á o. Kìkì pé mo ní àṣà kan. Ẹ kọ́kọ́ ta ayò yìí lójú mi."

Àwẹ̀ró wojú ọ̀run. Ká ní oòrùn ti wọ̀ ni, ì bá sọ pé a kì í ta ayò lálẹ́, gbogbo ayé ló mọ̀ pé àwọn ará ọ̀run ló ń ta á nígbà náà. Ṣùgbọ́n oòrùn ṣì ga gidi. Bí wọ́n bá sì gbé amọ̀ yìí sójú ọpọ́n, dídún rẹ̀ nìkan ti tó; ayò tòótọ́ a máa dún kó-kó-kó, amọ̀ á máa dún bí ẹni ń sọ ẹ̀kọ sílẹ̀. Ó dúró, ó ń fi ọwọ́ wé etí ìró. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n àwọn ọlọ́jà ti sọ sí i lọ́kàn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà ni à ń lò. Ẹni tó jókòó sídìí ọpọ́n ń ta ayò. Ẹni tó gbé e sórí àtẹ tó ń gbowó náà ń ta ayò.

"Lójú yín?" ni Àwẹ̀ró wí.

"Lójú mi kòrókòró."

Àwẹ̀ró na ọrùn sí ẹ̀yìn ògiri, ó pe obìnrin tí ilé wọn jọ kan ara. "Ìyá Dúródọlá, ẹ gbà mí lójú kan. Ẹ mú ẹyọ owó kan dání bọ̀." Obìnrin náà dé, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwẹ̀ró gba ẹyọ owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi àpò ayò lé e lọ́wọ́, ó kọjú sí àlejò. "Ó ti parí. Mo ti ta ayò lójú yín."

Odérìndé wò ó. Ó wo Ìyá Dúródọlá, ó tún wo Àwẹ̀ró. Nígbà tó yá, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì í láti inú wá, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín. Ìyá Dúródọlá, tí kò mọ ohun tí wọ́n ń rín, bá wọn rín in. Àwẹ̀ró dá ẹyọ owó rẹ̀ padà fún un, ó sì gba àpò.

"Ó tán," ni ọkùnrin náà wí nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀. "Ẹ ti tà á lóòótọ́, mo sì ti rí i. Gbogbo rẹ̀ ni mo rà, ọpọ́n àti ayò. Ọ̀kẹ́ owó méjì ni màá san. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, èmi àtàwọn aláàárù mi á dé."

Ọ̀kẹ́ méjì. Àwẹ̀ró kò rí oorun sùn. Ó ti fi owó náà ra iṣu, ó ti fi ra àgbàdo, ó ti fi ra ẹja gbígbẹ, orí ẹní ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Odérìndé dé bó ṣe wí. Àwọn aláàárù sọ ọ̀kẹ́ méjì sílẹ̀ gbì, gbì, a ti fi okùn dì wọ́n lẹ́nu, a ti fi ìda lẹ̀ wọ́n. Wọ́n di ọpọ́n, wọ́n kó àpò ayò lé e, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ẹ ó bi mí pé ṣé kò tú ọ̀kẹ́ wò ni. Kò tú u. Ní Ìdó-Apá láyé ìgbà náà, ẹni tó bá tú ọ̀kẹ́ owó níṣojú ẹni tó san án ti pè é lólè, ó sì lè di ìjà. Àṣà tí Àwẹ̀ró fi dá àlejò lójú pé ọlọ́jà tòótọ́ lòun nìyẹn. Kò sì fẹ́ kí ọkùnrin náà pẹ́ nílé òun jù, kó má baà jẹ́ pé ìka rẹ̀ á lọ bọ́ sínú àpò ayò.

Oòrùn kò tíì gbóná nígbà tí Àwẹ̀ró àti Ìyá Dúródọlá dé ìsọ̀ oníṣu. Ìyá Dúródọlá ló bá a ru ọ̀kẹ́ kan. Àwẹ̀ró kò dúnàádúrà. Ó ń nawọ́ síṣu: èyí, èyí, àti èyí tó wà lọ́hùn-ún, gbogbo òkìtì yìí. Àwọn obìnrin ọjà dúró, wọ́n ń wò ó. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti rí i tó ra ju ẹyọ iṣu kan lọ.

"Owó ńkọ́, ìyá?" ni oníṣu béèrè.

"Òun ló jókòó síwájú yín yẹn." Àwẹ̀ró fi eyín já okùn, ó da ẹnu ọ̀kẹ́ kọ sórí ẹní.

Owó ẹyọ ló kọ́kọ́ yọ, funfun báláú, ó tó ẹ̀kúnwọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ni ohun tó kù tẹ̀lé e, ó ń dún ràkàràkà. Òkúta ni. Òkúta wẹ́wẹ́, irú èyí tó wà lọ́nà odò, tí ẹnikẹ́ni lè bẹ̀rẹ̀ kó.

Oníṣu gbé òkúta kan, ó yí i wò bí ẹni pé owó lè wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Àwẹ̀ró ti ọwọ́ bọ inú ọ̀kẹ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó wa ìdí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń kan òkúta ṣáá. Ó ń gbọ́ tí Ìyá Dúródọlá ń pe orúkọ rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ bí ẹni pé ọ̀nà jíjìn ni. Wọ́n sáré lọ gbé ọ̀kẹ́ kejì wá láti ilé, wọ́n tú u níbẹ̀. Èyí kò tilẹ̀ ní ẹ̀kúnwọ́ méjì lórí.

Ibi tí Àwẹ̀ró gbà dé ẹnubodè, òun náà kò mọ̀ ọ́n. Gèlè rẹ̀ ti já sọ́nà, èrò ọjà ń sáré tẹ̀lé e. Bàbá àgbàlagbà tó ń ṣọ́ bodè, tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde, dìde nígbà tó rí wọn.

"Olè ni, Baba," ni Àwẹ̀ró ń wí, èémí rẹ̀ kò délẹ̀. "Ọkùnrin Ìlárá-Odò yẹn. Òkúta ló san fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán àwọn ọdẹ tẹ̀lé e, ọpọ́n ọkọ mi ló kó lọ, ogójì ọpọ́n."

"Ó kọjá níbí ní àárọ̀ yìí," ni oníbodè wí. "Ẹni pẹ̀lẹ́ ni. Owó gidi ló san fún mi. Ó tilẹ̀ fi ẹrù kan sílẹ̀ pé bí ìyàwó ọlọ́nà bá dé, kí n gbé e fún un."

Ó wọ ahéré rẹ̀, ó gbé ìdì ńlá kan jáde. Ọkàn àwọn èrò wálẹ̀. Wọ́n ní bóyá owó rẹ̀ ló wà níbẹ̀, bóyá àwọn aláàárù ló ṣèèṣì gbé ọ̀kẹ́ fún ọ̀kẹ́. Ìyá Dúródọlá ní kó tú u kíá. Àwẹ̀ró nìkan ni kò nawọ́. Láti ibi tó dúró sí, ó ti rí ìrísí àwọn àpò kéékèèké náà láti inú aṣọ. Ó jókòó sílẹ̀.

Ẹnìkan nínú èrò ló tú u. Àpò kan já, àwọn nǹkan róbótó bàìbàì fọ́n ká sílẹ̀.

"Ayò!" ni ẹnìkan ké, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bínú lójú ẹsẹ̀. Àwẹ̀ró ní ayò tó báyìí? Àwa ń jẹ ẹ̀kùrọ́ lórí ọpọ́n, ó ń kó ayò pa mọ́? Wọ́n tẹ̀ba, wọ́n ń ṣa á. Ọkùnrin kan fi ẹyọ kan sáàárín ìka méjì, ó tẹ̀ ẹ́. Ó fọ́ yánkanyànkan. Ó wo ìyẹ̀fun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wá gbójú sókè wo Àwẹ̀ró. Òmíràn náà fọ́ tirẹ̀. Lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn da amọ̀ ọwọ́ wọn sílẹ̀.

Oníbodè wú ikọ́. "Ó ní kí n jẹ́ iṣẹ́ kan. Ohun tó sọ kò yé mi nígbà yẹn. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ẹ̀yìn ilé àwọn ní Ìlárá-Odò ni ayò ti ń hù, pé àwọn ọmọ àwọn a máa fi ju ẹyẹ. Ó ní gbẹ́nàgbẹ́nà ni àwọn kò ní. Nítorí ọpọ́n nìkan ni òun ṣe gbé ọ̀kẹ́ owó mẹ́rin wá láti ilé."

"Mẹ́rin," ni Ìyá Dúródọlá wí wúyẹ́wúyẹ́.

"Mẹ́rin. Ó ní ká ní o sọ pé o kò ní ayò ni, gbogbo rẹ̀ ni òun ì bá san, òun ì bá sì tún bu ayò fún yín tí òun bá ń padà bọ̀."

Ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ yin Odérìndé. Ẹni tó jókòó lóru tó ń ṣa òkúta sínú ọ̀kẹ́, tó kó iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni lọ láì san owó rẹ̀, kì í ṣe ẹni rere, ibi tó bá wà kí ó gbọ́ ọ. Oníbodè náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí Àwẹ̀ró bá fẹ́, òun á rán ẹni mú un lọ sí ààfin nísinsìnyí, kí Kábíyèsí ránṣẹ́ sí ọba Ìlárá-Odò. "Ṣùgbọ́n ohun àkọ́kọ́ tí Kábíyèsí yóò bi ọ́," ló wí, "òun náà ni mo fẹ́ bi ọ́ báyìí, kí o lè ti mọ èsì rẹ̀. Kí ni o tà fún un?"

Àwẹ̀ró ya ẹnu. Obìnrin tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì, ọ̀rọ̀ kò wá.

Bí wọ́n ṣe dúró nìyẹn tí Ọnàwùmí yọ lọ́nà abúlé, ọkọ́ ọ̀wẹ̀ lórí èjìká. Ó rí èrò, ó rí ìyàwó rẹ̀ lórí ilẹ̀, ó sáré. Kò sí ẹni tó fẹ́ sọ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú àwọn nǹkan tó fọ́n ká náà, kò tíì gbé e dójú tó ti mọ ohun tó jẹ́. Ó rọra sọ ọ́ sílẹ̀.

"Àwọn ọpọ́n mi ńkọ́?" ló béèrè.

"Wọ́n ti lọ, Baba Ọnàkúnlé."

"Gbogbo rẹ̀?"

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọnàwùmí fà á dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ìró rẹ̀, wọ́n sì gba àárín èrò kọjá lọ sílé. Nígbà tí ìyàn dé lọ́dún náà, oko olóko ni gbẹ́nàgbẹ́nà Ìdó-Apá ti ń roko gba iṣu alẹ́, ìyàwó rẹ̀ ń kó koríko lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fi Àwẹ̀ró ṣe yẹ̀yẹ́ níṣojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá jókòó tó ń sunkún pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, àwọn àgbà á kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè oníbodè yẹn. Bí kò bá sì rí èsì fọ̀, ohun tí wọ́n ń pa lówe fún un títí di òní ni pé, ẹni tó bá ta ọjà erùpẹ̀, owó òkúta ni yóò gbà.